Orúkọ Ìlú Lápá Ìyá Mi

Oṣù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó ẹrù kúrò nílé ní agbègbè wa ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ súwẹ́tà nínú oòrùn ọ̀sán. Wọn ò ṣàìsàn, òtútù ò sì mú wọn. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ara àwọn kàn fẹ́ aṣọ tó nípọn ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn, ṣùgbọ́n mi ò tọ pinpin rẹ̀.

Ìlobù ni bàbá mi, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni ìyá mi. Ìlú méjèèjì fara kan ara wọn débi pé àlejò ò lè sọ ibi tí ọ̀kan parí sí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wà láàárín wọn, ó sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Bí mo ṣe ń dàgbà, ó máa ń sùn, ó sì máa ń jí. Tó bá sùn, a máa ń lọ kí àwọn ẹbí ìyá mi lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, a ó jẹun níbẹ̀, a ó sì di iṣu bọ̀. Tó bá jí, a ó jókòó sílé, ìyá mi ò sì ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mi ò ní sọ ẹni tó jẹ̀bi. Mi ò mọ̀ ọ́n, kódà bí mo bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀jẹ̀ ìhà méjèèjì ló wà lára mi.

Lọ́tẹ̀ yìí, jíjí tó jí kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo bẹ àwọn òbí mi pé kí wọ́n wá sọ́dọ̀ mi ní Òṣogbo, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, títí ara ìlú yóò fi rọ̀. Bàbá mi kọ́kọ́ kọ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, wọn ò fẹ́ràn kí wọ́n máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí kì í ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé ìyá mi kì í sùn mọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n bá mi wá.

Ohun tí ìyá mi ń fi súwẹ́tà bò wà ní iwájú apá wọn òsì. Wọ́n fín nǹkan síbẹ̀ ní ìlà méjì. Ìlà òkè ni orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ ìkómọ. Ìlà ìsàlẹ̀ ni IFON, ní lẹ́tà gàdàgbà, tí N ìgbẹ̀yìn sì kọ ẹ̀yìn sí ibi tó yẹ kó kọjú sí. Ọkùnrin kan tó máa ń lọ láti ìlú dé ìlú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló fín in fún wọn nígbà tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló fi ń gún un, ẹ̀fín dúdú tí wọ́n ha lára àtùpà ló sì fi ń pa á. Ẹ̀ṣọ́ ni nígbà náà. Ọmọbìnrin tí kò bá fín ọwọ́, ojo ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ìyá mi sọ fún mi nígbà kan pé àwọn ò sunkún rárá, àfi ìgbà tí àwọn délé tí ìyá àwọn rí i.

Láti kékeré ni mo ti ń rí ìkọ̀wé yìí. Ara ìyá mi ni, bí ẹni sọ pé etí tàbí imú. Mi ò rò ó rí pé ẹnì kan lè kà á kó sì fi mọ ohun kan nípa wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, ìyá mi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọjà ní Òṣogbo. Wọ́n nawọ́ di irin ìjókòó iwájú mú, apá súwẹ́tà sì fà sókè. Ọkùnrin tó jókòó tì wọ́n wo apá náà. Ìyá mi ní àwọn rí i bí ètè rẹ̀ ṣe ń mì, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Lẹ́yìn náà ó rọra bi wọ́n pé, "Mọ́mì, Ìfọ́n ni yín?"

Ìyá mi dá a lóhùn pé, "Rárá o. Wọ́n kàn fín in fún mi ni."

Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ níwájú, ó sì kí wọn pé ó dàbọ̀. Nígbà tí ìyá mi délé, wọn ò tú ohun tí wọ́n rà sílẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àga pẹ̀lú báàgì lórí itan.

Wọ́n ní, "Mi ò mọ ibi tí ọmọkùnrin yẹn ti wá. Ó lè jẹ́ ará ìlú mi. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ kí mi ni. Mo sẹ́ ìlú mi fún ẹni tí mi ò mọ̀."

Mo ní kí wọ́n má fi ṣe nǹkan kan, pé ẹnikẹ́ni á ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò gbọ́ mi. Wọ́n ń wo apá wọn. Ìgbà náà ni wọ́n bi mí pé, "Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń pa táátù àwọn ọmọ yunifásítì rẹ́ yẹn, ṣé ó lè pa tèmi náà rẹ́?"

Ilé ìtọ́jú awọ ara ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Dókítà obìnrin kan ló ni ín, ó sì ní ẹ̀rọ lésà kan tí àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn obìnrin tí irùngbọ̀n ń hù fún ń wá, àwọn tí ìrorẹ́ ti ba ojú wọn jẹ́ ń wá, àwọn ọmọkùnrin tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun ń wá nítorí pé wọn kì í gba ẹni tó ní táátù lápá. Àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà náà ń wá, tí orúkọ ọ̀rẹ́kùnrin àtijọ́ wà láyà wọn. Iṣẹ́ mi ni láti wẹ ojú ibẹ̀ mọ́, kí n fi ìpara tó ń pa ìrora sí i, kí n gbé awò dúdú sí ojú aláìsàn. Nígbà tó yá, dókítà kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Òfin kan ni wọ́n fún mi: mi ò gbọ́dọ̀ tàn án àfi tí àwọn bá wà nínú ilé.

Mo mú ìyá mi lọ. Mo sọ fún bàbá mi pé a fẹ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò. Èmi ni mo kọ́kọ́ purọ́ fún bàbá mi nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Dókítà di apá ìyá mi mú sábẹ́ iná, wọ́n fi àtàǹpàkò ra á sókè sódò. Wọ́n bi wọ́n pé, "Gbogbo rẹ̀ lẹ fẹ́ kó lọ ni, mà?"

Ìyá mi ní, "Ti ìsàlẹ̀ nìkan."

Dókítà wò mí, mo wolẹ̀. Wọn ò bi wọ́n léèrè ìdí. Àwọn tó ń gbé ní Òṣogbo nígbà náà, kò sí ẹni tí kò mọ ìdí.

Wọ́n wá ṣàlàyé bí nǹkan yóò ṣe rí. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ náà máa ń fọ́ dúdú tó wà lábẹ́ awọ sí wẹ́wẹ́, ara fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ò lè tó, a ó tún un ṣe bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin, àti pé oṣù méjì gbọ́dọ̀ wà láàárín ọ̀kan sí èkejì.

Ìyá mi ní, "Oṣù méjì ti pọ̀ jù, dókítà. Kí ló fà á?"

"Mà, dúdú ni ìmọ́lẹ̀ yìí ń wá. Kò mọ̀ bóyá dúdú àtùpà ni àbí dúdú tí Ọlọ́run fi dá wa. Tí a bá kánjú, tàbí tí a bá fún un lágbára jù, yóò mú méjèèjì lọ. Awọ tiwa ò gba ìkánjú."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Mo tún ti gbọ́ ọ kí ọjọ́ yẹn tó dé, lẹ́nu dókítà yìí kan náà, ju ìgbà tí mo lè kà lọ. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀ ló ṣe mí.

Wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lórí ẹsẹ̀ lẹ́tà I. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí wọ́n rí i pé awọ ò bínú, wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń ta pàrà pàrà bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná. Òórùn irun tó jóná díẹ̀ gba yàrá. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan funfun bíi pé a da ìyẹ̀fun lé e, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ funfun náà sì lọ. Ìyá mi ò mira. Wọ́n fi ọwọ́ kejì di gèlè wọn mú, wọ́n ń kọ orin ìjọ lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì a tún un ṣe. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, IFON ti ṣá bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ láìmọye ìgbà. Ẹni tí kò bá sún mọ́ ọn ò ní lè kà á.

Ìgbà náà ni bàbá mi sọ pé àwọn fẹ́ padà sílé. Ìlú ti rọ̀, ọ̀nà ti ṣí, àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ẹni tó ń bá wọn mójú tó oko ti pè pé ẹran ti ń wọnú ẹ̀gẹ́. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ làwọn ń lọ. Ìyá mi ò sọ pé àwọn ò lọ. Wọ́n kàn wá bá mi ní kíṣìnì lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n fa ilẹ̀kùn dé.

"Mi ò fẹ́ padà báyìí," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ kí n tó lọ."

"Mọ́mì, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ ó padà wá fún un láti ilé."

"Tí ọ̀nà bá tún dí ńkọ́? Tí mi ò bá lè jáde wá mọ́ ńkọ́?" Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. "Ọmọ mi, mo ń bẹ̀ ọ́."

Ìyá mi ò bẹ̀ mí rí láyé mi. Wọ́n máa ń rán mi níṣẹ́ ni, wọ́n máa ń pàṣẹ. Mi ò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe tí ìyá rẹ̀ bá ń bẹ̀ ẹ́. Dókítà ti lọ sí Ìbàdàn, wọn ò ní dé títí ọjọ́ Ajé. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ́jú wà lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí aláìsàn ìkẹyìn ti lọ, mo mú ìyá mi wọlé, mo tan ẹ̀rọ. Mo rí i pé awọ ibẹ̀ ò tíì bọ̀ sípò. Ó ṣì pọ́n díẹ̀ ní etí lẹ́tà O. Mo rí i. Mo sì gbé agbára ẹ̀rọ ju ibi tí dókítà fi í sí lọ, nítorí mo fẹ́ kó jẹ́ èyí tó máa kẹ́yìn.

Nígbà tí mo dé lẹ́tà F, ìyá mi ní, "Ó ń ta mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Mo ní, "Ẹ fara dà á, mà. Ó ti ń parí."

Wọ́n fara dà á.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, apá náà ti lé ròrò. Omi kún abẹ́ lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo wẹ̀ ẹ́, mo fi oògùn sí i, mo fi báńdéèjì dì í. Mo ń ṣe é bí ẹni tó mọṣẹ́. Bàbá mi bi wọ́n léèrè nígbà tí a jókòó sídìí oúnjẹ àárọ̀. Ìyá mi ní omi gbígbóná ló dà sí àwọn lápá. Bàbá mi ní kí wọ́n rọra máa ṣe, wọ́n sì sún ìrìn àjò síwájú di ìgbà tí apá bá jiná. Ìrìn àjò tí mo tìtorí rẹ̀ kánjú, ọjọ́ kan ṣoṣo ló gbà láti sún un síwájú. Mo ronú lórí èyí títí ó fi rẹ̀ mí.

Ó lé díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí èépá tó ṣí. Mo gbé apá náà síbi ojú fèrèsé. Gbogbo dúdú àtùpà ti lọ, mo ṣe ohun tí wọ́n bẹ̀ mí pé kí n ṣe. Ṣùgbọ́n dúdú ara wọn ti bá a lọ. Ibi tí lẹ́tà wà tẹ́lẹ̀ ti di funfun, ó hàn kedere lára awọ wọn tó dúdú, I, F, O, àti N tó kọ ẹ̀yìn síwájú. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Ní báyìí, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè kà á.

Ìyá mi wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé àwọ̀ ibẹ̀ yóò padà?"

Mo ní, "Ó lè padà, mà."

"Nígbà wo?"

Mo bu ìpara, mo fi pa á.

Bàbá mi ló rí i níkẹyìn. Ìyá mi ń fọ abọ́, wọ́n ti ká apá aṣọ sókè, wọ́n ti gbàgbé. Bàbá mi wọlé láti bu omi mu. Wọ́n dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Wọ́n kà á, mo rí i pé wọ́n kà á, nítorí ojú wọn lọ láti òsì sí ọ̀tún.

"Omi gbígbóná?" ni wọ́n wí.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ, irọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, ọjọ́ Sátidé. Bàbá mi ò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, wọ́n fa àga kan, wọ́n jókòó sí àárín kíṣìnì.

Èmi ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, wọn ò wo ìyá mi. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìyá rẹ, a tò lórí ìlà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ó na ọwọ́ láti gba ìwé. Mo ka orúkọ rẹ̀, mo ka ìlú rẹ̀. Mo ní ẹni tó kọ N yìí, ó yẹ kí wọ́n dá a padà sí kíláàsì kìíní. Ó rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ará Ìfọ́n ni kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ, wọ́n ní, 'Ìfọ́n kẹ̀?' Mo ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, sà.' Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo ti ja ìjà yẹn tán kí a tó bí ọ."

Wọ́n wá yíjú sí ìyá mi. "Ta ló dẹ́rù bà ọ́ nínú ilé mi?"

Ìyá mi ń fi aṣọ nu ọwọ́ wọn. Wọ́n nù ún títí kò fi sí omi kankan níbẹ̀ mọ́.

"Kò sẹ́ni tó dẹ́rù bà mí," ni wọ́n wí. "Wọn ò pè mí ní Ìyàwó Ìfọ́n mọ́ ni."

Bí wọ́n ṣe ń pe ìyá mi nínú agboolé bàbá mi nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wọn wọlé. Àgbà ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, ọmọdé ń fi Ìyá kún un. Èmi ò tilẹ̀ kíyè sí i pé ó ti dáwọ́ dúró. Mo wo bàbá mi, mo sì mọ̀ pé àwọn náà ò kíyè sí i. Bàbá mi dìde, wọ́n gba abọ́ tó kù lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n fọ̀ ọ́. Mi ò rí i kí bàbá mi fọ abọ́ rí.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá dókítà. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo ti ń fojú pa mọ́ fún wọn. Mo fi àwòrán apá ìyá mi hàn wọ́n lórí fóònù.

Wọ́n ní, "Ṣé mo wà nílé lọ́jọ́ yẹn?"

"Ẹ ò sí nílé, mà."

"Ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ́yìn ìkejì?"

"Mẹ́rin, mà."

Wọ́n na ọwọ́, mo fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Wọn ò pariwo lé mi. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ní kí n lọ mú ìyá mi wá, wọ́n sì sọ òótọ́ fún wọn lójú mi, pé ẹ̀bi ilé ìtọ́jú náà ni, pé kò yẹ kó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní àwọ̀ ibẹ̀ lè máa padà fúnra rẹ̀ láàárín ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè má padà tán. Wọ́n ní iná mìíràn wà tí wọ́n lè máa tàn sí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti ta awọ jí.

Ìyá mi ní, "Ìmọ́lẹ̀ ló mú un lọ, ìmọ́lẹ̀ náà lẹ tún fẹ́ fi dá a padà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Irú mìíràn ni. Kì í ta èèyàn."

"Ẹ ṣé, dókítà. Ó tó báyìí." Wọ́n sì dìde.

Wọ́n padà sí Ìlobù kí oṣù náà tó parí. Èmi ni mo sìn wọ́n lọ. Àwọn ará agboolé jáde wá, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àjò. Ìyàwó àgbà kan gbé iṣu wá. Kò sí ẹni tó ṣe àìdáa sí ìyá mi lọ́jọ́ yẹn tàbí lẹ́yìn rẹ̀. "Ìyàwó wa" ni wọ́n ń pè wọ́n báyìí. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, ìyá mi sì ń jẹ́ ẹ. Súwẹ́tà náà ṣì wà lára wọn.

Nígbà tí ọ̀nà ti balẹ̀ dáadáa, mo bá wọn lọ sí Ìfọ́n láti kí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin. Opó ni ẹ̀gbọ́n wọn yìí, wọ́n ń ta aṣọ òkìrìkà ní Òṣogbo. Wọ́n dì mọ́ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò tètè fi ara wọn sílẹ̀. Nínú ilé, ooru pọ̀, ẹ̀gbọ́n wọn sì ní kí ìyá mi bọ́ aṣọ òkè wọn. Ìyá mi lọ́ra. Ẹ̀gbọ́n wọn fa apá aṣọ náà fúnra wọn.

"Kí ló ṣe ọ́ lápá?"

"Iná ló jó mi, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n wọn gbé apá náà sún mọ́ ojú. "Iná wo ló mọ̀wé kọ tó báyìí?"

Ìyá mi bá sọ òótọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní kúkúrú, wọn ò dárúkọ mi, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n wọn sì mọ irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Mo sọ pé, "Èmi ni mo ṣe é, mà." Wọn ò bá mi wí. Wọ́n ká apá aṣọ tiwọn sókè. Ọjọ́ kan náà ni ọkùnrin abẹ́rẹ́ yẹn fín àwọn méjèèjì. Tiwọn ṣì dúdú, N tiwọn náà kọ ẹ̀yìn síwájú.

Wọ́n sọ fún ìyá mi pé, "Ìbòrùn ni mo fi ń bo tèmi tí mo bá ti ń lọ sí Òṣogbo. Tí mo bá ti rí ẹni tí mo rò pé Ìlobù ni, màá yí ọwọ́ padà."

Ìyá mi ní, "Èmi ni Ìlobù náà, ẹ̀gbọ́n mi. Ilé ọkọ mi ni."

"Mo mọ̀," ni ẹ̀gbọ́n wọn wí. Àwọn méjèèjì wolẹ̀.

A ò pẹ́ níbẹ̀ bí a ṣe máa ń pẹ́ tẹ́lẹ̀. Lójú ọ̀nà, nínú ọkọ̀, ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo rò pé wọ́n ti sùn. Wọn ò yíjú sí mi nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ohùn wọn ò sì le.

"Ó yẹ kó o kọ̀ fún mi."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọn ò tún un sọ mọ́ láti ọjọ́ náà. Dókítà ò tíì dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mi, èmi náà ò sì béèrè. Mo ń di egbò, mo ń kọ káàdì, mo ń ṣàlàyé fún àwọn tó ń wá pé oṣù méjì ni. Àwọn kan máa ń bẹ̀ mí. Ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń lọ sí Ìlobù, ìyá mi á gbé apá wọn lé mi lórí itan, èmi á fi ìpara sí i, èmi á sì wò ó lójú oòrùn. Lẹ́tà I ti ń gba àwọ̀ díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àwọn tó kù ò tíì yí padà.